Àga La Fẹ́ Tò, Ebè Ni Mo Kọ

Bàbá Ṣadé ti Ìwáyà ló ń sọ̀rọ̀. Èmi Kúnlé, ayálégbé rẹ̀, ni mo ń bá a kọ ọ́, kí n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ta ayò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi dà mí lónìí!

Àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́la. Ilẹ̀ koríko iwájú ilé wa rí gbágungbàgun. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, àga yí dànù mọ́ ìyá ọkọ Ṣadé nídìí. Mo ní mi ò gba alágbàṣe, ọmọ àgbẹ̀ ni mí, èmi ni màá mú kó tẹ́jú. Mo gbé ọkọ́, mo ń kọrin, mo ń ro ó lọ.

Ìyàwó mi yọjú: "Bàbá Ṣadé, ṣé àga la fẹ́ tò síbẹ̀ ni, àbí iṣu la fẹ́ gbìn?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ebè ni mo ti kọ dé ẹnu géètì!

"Ẹ tú u ká, ẹ jọ̀ọ́."

"Irú ebè tó dára báyìí? Láéláé!"

Mo ti ki èbù iṣu bọ̀ ọ́. Fàráńdà làwọn àna máa jókòó sí. Bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n padà wá jẹ iṣu tuntun.

Ẹ̀yin náà ẹ wí: ṣé mo jẹ̀bi?

Bàbá Ṣadé tẹ̀ka síbí: X
Ẹlẹ́rìí: Ìyá Ṣadé, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín, Mùráínà aládùúgbò, tó ti ń tọrọ iṣu.