Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta Tó Kù Nípa Íjíbítì

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló kù kí ìyàwó mi parí ìtàn Íjíbítì nígbà tó kú.

Tíṣà ni ní Abẹ́òkúta kí a tó wá sí Dublin ní Ireland. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí a dé ìhín, a gba ilé sí àdúgbò Swords. Èmi rí iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, mò ń kó ẹrù sínú ọkọ̀. Òun ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan tí kò jìnnà sí tiwa. Mi ò gbọ́ kí ó ráhùn rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn ọmọdé bá ti parí kéú ní mọ́sálásí, wọ́n máa ń fún un ní wákàtí kan, ó sì máa ń di tíṣà padà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kan ló bí ẹ̀kọ́ Íjíbítì. Ọmọ náà ní ìkà ni gbogbo àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi ri Firiáónà sínú òkun. Ìyàwó mi bi í pé, "Ìyàwó Firiáónà ńkọ́? Ṣé ará Íjíbítì kọ́ ni? Ṣebí ó gba Ọlọ́run gbọ́ títí ọkọ rẹ̀ fi fìyà jẹ ẹ́." Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ó ti ń kó àwòrán lọ. Ó sọ fún wọn pé àwọn tó kọ́ pírámíìdì tó ga jù lọ kì í ṣe ẹrú, pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹran, wọ́n sì sin àwọn tó kú nínú wọn sí tòsí ọba. Ó sọ fún wọn pé ibojì àtijọ́ kan wà ní agbègbè Meath níhìn-ín tó ti wà ṣáájú pírámíìdì èyíkéyìí, àwọn ọmọ tí a bí sí Ireland sì pariwo bí ẹni pé àwọn ló kọ́ ọ. Ó kó wọn lọ sí ọgbà ìtura Phoenix Park láti wo òkúta gogoro tó wà níbẹ̀. Ó ní Íjíbítì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, àmọ́ òkúta kan ṣoṣo ni àwọn ará Íjíbítì fi ń gbẹ́ tiwọn, láti ìdí dé ṣóńṣó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, èmi ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì. Etí kan ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni ó kú. Mò ń wọ bàtà iṣẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú ní kíṣìnnì. Mo rò pé ìkòkò ni. Mo so okùn bàtà kejì tán kí n tó lọ wò ó. Òun ni. Àwọn tó wá pẹ̀lú áńbúláǹsì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, pé bí mo tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tí ǹ bá ṣe sí i. Mo ní, "Ẹ ṣé."

Ọjọ́rú la sin ín. Àwọn obìnrin mọ́sálásí wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Èmi àti ọkùnrin méjì wọ inú kòtò láti gbà á. Iṣẹ́ mi náà ni kí n gba nǹkan láti òkè kí n sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ mi ṣe é bí ó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. A tẹ́ ẹ lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, a kọ ojú rẹ̀ sí kíbúlà, mo sì jáde. Òjò ń ṣẹ́ wẹẹrẹ. Ohun tí mo rántí jù ni pé mò ń wo bàtà mi, mò ń rò ó bí n ó ṣe fọ ẹrẹ̀ yẹn.

Mi ò sunkún. Kì í ṣe pé mo ṣe ọkàn akin. Kò sí ohun kankan nínú mi tó fẹ́ jáde. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà síbi iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bọ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń sọ pé, "Sorry for your trouble," bí àwọn ará ìhín ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, èmi ń dá wọn lóhùn pé, "I'm grand," pé kò sí nǹkan tó ṣe mí. Lọ́jọ́ kan, irin kan gé mi lọ́wọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí àpótí kí n tó mọ̀ pé mo ti fara pa.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Phibsborough ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ó gbọ́ Yorùbá yé yékéyéké, àmọ́ òyìnbó ló fi ń dáhùn, òyìnbó àwọn ará Dublin. Ó sun ilé wa fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń sunkún nínú yàrá rẹ̀ àtijọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Mo máa ń po tíì, n ó gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, n ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, áfáà tó ń bójú tó kéú wá kí mi. Àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí. Ó jókòó, ó ṣàdúà fún olóògbé, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ọmọ ń béèrè. Wọ́n ní Íjíbítì ò tíì parí."

Mo ní, "Èmi kì í ṣe tíṣà."

"A mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn bá wa ka ohun tí Ántì wọn kọ sílẹ̀ fún wọn."

Mo gbà, torí pé ó rọrùn láti gbà ju kí n máa ṣàlàyé lọ. Inú prẹ́ẹ̀sì, bí àwọn ará ìhín ṣe ń pe kọ́bọ́ọ̀dù, ni mo ti rí ìwé rẹ̀, lẹ́yìn àpò gàrí. Mo ṣí i síbi tó dé. Ó ti kọ àkòrí ẹ̀kọ́ tó kàn: Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òkú.

Mo dúró níwájú àwọn ọmọ bí ogún lọ́jọ́ Sátidé, mo sì kà á jáde bí ẹni ka ìwé òfin. Mo kà á pé àádọ́rin ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe òkú ọba. Wọ́n á ti imú fa ọpọlọ rẹ̀ jáde. Wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n á kó ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun sínú ìkòkò, wọ́n á sì bo ara rẹ̀ mọ́ iyọ̀ títí yóò fi gbẹ. Wọn kì í yọ ọkàn. Ọkàn ni wọ́n gbà pé èèyàn fi ń ronú, òun ni wọn yóò sì gbé sórí òṣùwọ̀n ní ọ̀run, tí wọn yóò fi ìyẹ́ ẹyẹ kan sí apá kejì. Ọkàn tó bá wúwo ju ìyẹ́ lọ, ẹranko kan á gbé e mì.

Ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sókè. Ó béèrè lóyìnbó bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe Ántì.

Áfáà tẹ orí ba. Èmi dá a lóhùn bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Mo ní, "Rárá. Omi ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, a sì sin ín lọ́jọ́ kẹta. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pamọ́." Mo ṣí ojú ìwé tó kàn.

Kí n tó délé, ìyá ọmọ kan ti pe ọmọ mi. Ọmọ mi wá pè mí. Inú ń bí i. Ó ní kí ló mú mi jókòó sọ bí wọ́n ṣe wé Mam fún àwọn ọmọdé. Ó wá ní, "You haven't cried once, Dad. Not once."

Mo ní, "Ó béèrè ni." Ó pa fóònù.

Síbẹ̀, ó wá sí ẹ̀kọ́ kejì. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ká apá mọ́ àyà, bí ẹni wá ṣọ́ mi. Obìnrin kan tó jọba ní Íjíbítì ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lé. Orúkọ rẹ̀ gùn, kò sì gba ahọ́n mi. Ọba gan-an ló pe ara rẹ̀, ó sì máa ń so irùngbọ̀n àtọwọ́dá mọ́ àgbọ̀n bíi ti àwọn ọba ọkùnrin. Ó kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá kan sí ẹsẹ̀ òkè. Nígbà tó kú, ẹni tó jẹ tẹ̀ lé e ní kí wọ́n fi irin gbẹ́ orúkọ àti ojú rẹ̀ kúrò lára ògiri. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí, àmọ́ wọ́n gbàgbé àwọn ibì kan. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, ìyàwó mi ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Bi wọ́n léèrè: kí ló dé tí wọ́n fi pa á rẹ́?"

Mo bi wọ́n. Ọ̀kan ní owú ni. Ọ̀kan ní torí pé obìnrin ni. Wọ́n wá ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Kò kọ ìdáhùn sílẹ̀."

Nígbà tí a parí, ọmọ mi bá mi wọ mọ́tò lọ sílé. Ó fẹ́ mú gèlè aláwọ̀ ewé ìyá rẹ̀, èyí tó máa ń wé lọ́jọ́ Iléyá. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Mo gbọ́ tó ṣí wọ́díróòbù. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Where's all her stuff?"

Mo sọ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ín gan-an, nígbà tí ọmọ mi ń sùn nínú yàrá rẹ̀, mo ti kó gbogbo aṣọ ìyá rẹ̀ sínú àpò, mo sì ti gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba aṣọ àlòkù tà láti fi ṣe àánú. Àpò mẹ́sàn-án ni. Mo to wọ́n sẹ́yìn mọ́tò dáadáa, èyí tó wúwo nísàlẹ̀.

Ọmọ mi wò mí. Ó ní, "You did it to her. You're after doing the same thing to Mam." Ó ní mo ti pa ìyá òun rẹ́ bí wọ́n ṣe pa ọba obìnrin yẹn rẹ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Phibsborough. Mo dúró síbi tó fi mí sí. Mo mọ̀ pé ohun tó sọ yẹ kó dùn mí. Mò ń retí rẹ̀. Kò dé.

Ẹ̀kọ́ kẹta kì í ṣe ti inú kíláàsì. Ìyàwó mi ti pinnu láti kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní àárín ìlú, níbi tí wọ́n kó àwọn nǹkan Íjíbítì díẹ̀ sí. Àwọn òbí mẹ́rin tẹ̀ lé wa. Mi ò retí ọmọ mi, àmọ́ a bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè wá nínú òtútù. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí áfáà. Èmi, ó kàn mi orí sí mi.

Yàrá náà kò tóbi. Àwọn ọmọ fẹ́ràn àwọn ère kékeré tí wọ́n máa ń sin mọ́ òkú, kí wọ́n lè máa bá a ṣiṣẹ́ lọ́run. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ́ lọ sídìí pósí kan tí wọ́n kun ojú obìnrin sí, ojú ńlá tó là sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ Ántì lọ́jọ́sí ló tún béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni ń ṣàárò obìnrin yìí.

Mo ní, "Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú."

Ojú ọmọ náà yí padà. Ọmọ mi ti ẹ̀yìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, níwájú gbogbo èèyàn, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Wọ́n ṣàárò rẹ̀ gan-an. Wo ojú tí wọ́n yà fún un. Ẹni tí ò ṣàárò èèyàn ò lè jókòó ya ojú báyìí."

Nígbà tí àwọn òbí kó àwọn ọmọ lọ jẹun, èmi àti ọmọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Ó bi mí bóyá mò ń ṣàárò ìyá òun.

Mo ní, "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mi ò tíì mọ̀. Ara mi kú. Mò ń jẹun, mi ò mọ adùn. Mò ń gbọ́ ẹkún rẹ, mo mọ̀ pé ẹkún ni, ó parí. Àwọn aṣọ yẹn, mo kó wọn bí mo ṣe ń kó ẹrù. Ká ní mo mọ̀ pé o máa fẹ́ ọ̀kan, ǹ bá fi í sílẹ̀. Má bínú."

Ó wá ní, "So it's not that you don't care."

"Rárá o."

"Okay." Ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ apá mi. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo mọ̀ pé ó tutù. "You could've said, Daddy."

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ Ajé. Gèlè ti lọ. Obìnrin tó wà níbẹ̀ bá wa wá a títí. Súwẹ́tà kan ṣoṣo ló kù, aláwọ̀ eérú, tí ìyàwó mi máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ mi wọ̀ ọ́ jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, òun ló gba wákàtí Sátidé. Èmi ń fi mọ́tò gbé e lọ, mò ń to àga. Nígbà tí àwọn ọmọ tuntun dé lẹ́yìn ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wọ́n ní kó tún Íjíbítì bẹ̀rẹ̀, ó sì múra láti fi Yorùbá kọ́ wọn. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ obìnrin tó jọba, ó fẹ́ sọ fún wọn pé ọba náà rán ọkọ̀ ojú omi márùn-ún lọ sí ìlú òkèèrè láti lọ kó tùràrí wá. Ó ṣèèṣì ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan pè. Ó ní, "Ọba yìí ní ọkọ márùn-ún, ó sì rán gbogbo wọn níṣẹ́ lọ sí òkè òkun."

Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wọ̀ wọ́n létí bẹ́ẹ̀. Áfáà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ọkọ márùn-ún! Ọba ni lóòótọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde sókè débi pé ọmọ mi dá ọ̀rọ̀ dúró, ó wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ojú tì í, ó bi mí pé, "What? What did I say?" Mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ ọkọ àti ọkọ̀ fún un níwájú gbogbo wọn, ó fi máákà kọ méjèèjì sára pátákó, ó sì ní kí àwọn ọmọ pè wọ́n tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.