Àwo Àlókò Kan

Bí òórùn àlókò, dòdò Abidjan, bá ta sí mi nímú, agboolé wa ní Abobo ni mo ń rántí. Lọ́sàn-án tí à ń retí ìdájọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n mú níbi ìwọ́de, ariwo wa lé àwọn ẹyẹ dé Yopougon.

“Kí wọ́n tú wọn sílẹ̀!” ni Fofana télọ̀ ń wí.

“Ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí wọn!” Bàbá Ṣadé ti ń ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Ìyá mi gbé àwo àlókò kan sáàárín wọn. “Ẹ jọ jẹ ẹ́.”

“Tántì, èmi àti eléyìí?” ni Fofana bi í.

“Àwo kan náà!”

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, ni ìyá mi bá gbé omi ìfọwọ́ pamọ́: ọwọ́ epo kò lè di ẹ̀wù ẹlòmíràn mú. Ó tún di díẹ̀ fún Bàbá Ṣadé lọ sílé.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àbúrò ìyá mi wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà.