Ọmọ Àjàṣẹ́ Tó Fẹ́ Gba Láísẹ́ǹsì

Òórùn pákó tútù ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní sọ́mìlì bàbá mi ní Òkè-Àgbò, kí ariwo ayùn tó dini létí. Ibẹ̀ ni bọ̀dá kan tó jẹ́ ará Ègùn dé sí láti Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí mo ṣì kéré. Nígbà tí mo fi máa wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju èmi ọmọ onílé lọ. Bàbá mi ti fún un ní orúkọ ìdílé wa, wọ́n ní ẹni tó bá ti bá wa jẹun pẹ́, ọmọ wa ni.

Katakata tó ń wọ́ igi ni bọ̀dá ń wà nínú ọgbà wa, ṣùgbọ́n ojú títì ló ń wù ú. Nígbà tó yá, oníṣòwò pákó kan ní Ìwópin fẹ́ gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, àmọ́ ó ní dandan ni kó gba láísẹ́ǹsì kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bàbá mi wọ agbádá ìkórè wọn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀.

"Ọmọ mi ni," bàbá mi wí fún obìnrin tó ń gbàwé níbẹ̀.

Obìnrin náà ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú tí káńsù ń fúnni wá nígbà náà. A ò ní in. Bàbá mi gbaná jẹ, wọ́n ní àwọn máa lọ bá alága káńsù. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Ìwópin ló ń bọ́ lọ yẹn.

Ni bọ̀dá bá dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mà, Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní àlejò kì í gbà á? Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìgbélùú yín wá, kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò bíi ti gbogbo èèyàn."

Bọ̀dá ní méjèèjì nílé. Àwa ni kò bi í rí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa ti sọ ọ́ lórúkọ láìbéèrè ilé rẹ̀, ìfẹ́ wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọjọ́ tó mú káàdì láísẹ́ǹsì náà dé, bàbá mi ka orúkọ Ègùn tó wà lára rẹ̀ sókè. Wọ́n ṣì í pè, wọ́n tún un pè, títí ó fi gún. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ló di ọmọ wa.