Òkúta Orí Ilé Ìdáná

Inú ṣì ń bí mi nítorí òrùlé kan. Ó ti pẹ́ gan-an, àwọn tó kàn án pàápàá ti kú, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń ṣú, tí mo sì rí ọkùnrin kan tó jókòó tó ń sọ pé kò séwu, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Tíṣà ni bàbá mi. Ilé wa wà ní Òkè-Ìlá, ní Adó, ó kọjú sí ìhà Ìjàn. Kò sí ọmọ Adó tí kò mọ̀ pé bí àkọ́rọ̀, òjò àkọ́kọ́ ọdún, bá fẹ́ rọ̀, ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà Ìjàn ló sì ń gbà wọlé. Ní àwọn ọdún tí páànù ń gbilẹ̀ ládùúgbò wa nígbà náà, bàbá mi ṣí ewé gbòdògì kúrò lórí ilé, ó fi páànù tuntun kàn án. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kọ́kọ́ dúró sí òdìkejì títì kó tó wọlé, á máa wo bí páànù náà ṣe ń kọ mànà.

Ìyá mi, Yèyé là ń pè é, kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ òjò. Ọyẹ́ kò ní tíì lọ tán tí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra dè é. Á kó igi gbígbẹ sí àjà ilé ìdáná. Á di ìṣáná sínú agolo, á fi ìda oyin lẹ ìdérí rẹ̀ pa. Á ran òwú fìtílà, á rọ àdín sínú ìgò, á fi èdìdì dí i. Fìtílà alámọ̀ yìí ni bàbá mi kò fẹ́ rí. Ó ní àtùpà gáàsì, èyí tí a ń fún ní afẹ́fẹ́ bíi táyà kẹ̀kẹ́, ó sì mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ àwọ̀n funfun tó ń tan iná inú rẹ̀ kò lágbára kankan. Bí èèyàn bá sín níwájú rẹ̀, ó lè rún. Bàbá ní kí Yèyé lọ ju fìtílà nù, pé ilé tíṣà kò gbọdọ̀ máa rùn bí ebu epo. Yèyé ní ó dáa, ó gbé e lọ sí ilé ìdáná, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òkúta, èyí tí à ń tò lé páànù kí ìjì má baà ṣí i. Yèyé bá a sọ ọ́ níbi oúnjẹ.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká kó òkúta sórí ulé yìí. Àkọ́rọ̀ ti ń bọ̀."

"Ilé," ni Bàbá wí. "Kì í ṣe ulé."

Ìyẹn ni èsì tó kọ́kọ́ fún un. Ó ti ka èdè Èkìtì léèwọ̀ nínú ilé, kí ó má baà ba Yorùbá wa jẹ́ níbi ìdánwò. Nígbà tí Yèyé tún sọ ọ́, ó bi í bóyá ó ti rí òkúta lórí ilé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó rí. Ó ní ilé ará oko là ń kó òkúta lé.

Ẹ wò ó, Èkìtì kan náà tí òkè àti àpáta yí ká! A kì í ra òkúta ní ìlú wa, ọkọ́ ń bá a nínú ebè, ẹsẹ̀ ń gbún un lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ojú ń ti bàbá mi láti lò ó. Ṣekárími lásán ni, kò lórúkọ mìíràn.

Nígbà tí Bàbá lọ síléèwé lọ́jọ́ kejì, Yèyé gbé àkàbà ti ara ilé ìdáná. Ẹ̀yìn ni ilé ìdáná wà, òrùlé rẹ̀ kò ga, ẹni tó wà ní títì kò sì lè rí i. Ó ń gbé òkúta fún mi, mo ń tò ó sórí páànù títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Mo bi í pé iwájú ilé ńkọ́.

"Ti onílé nìyẹn," ló sọ.

Ọjọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìhà Ìjàn dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá tan àtùpà gáàsì rẹ̀ ní pálọ̀, ó jókòó ti ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó ń máàkì. Yèyé ní kí ó jẹ́ ká lọ sẹ́yìn. Kò gbójú sókè. Yèyé kó àwa ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé ìdáná, ó ní kí n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa, kò ní bèèrè bóyá tíṣà ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ nígbà tí fèrèsé já wọlé. Àwọ̀n àtùpà rún, òkùnkùn ṣú. Páànù igun kan ń han, ó ń han, ó sì ṣí bí ojú ewé ìwé. Kò pẹ́ tí gbogbo òrùlé iwájú fi gbéra tòun ti pákó. A ń rá pálá nínú òjò, Bàbá kó ìwé mọ́ àyà, bẹ́ẹ̀ ni Yèyé ń ké sí wa láti ẹ̀yìn: "Ẹ máa bọ̀, uná wà níbí! Uná wà níbí!"

"Iná," ni bàbá mi sọ, pẹ̀lú omi lẹ́nu. Etí mi ló gbọ́ ọ.

Abẹ́ òkúta Yèyé la wà títí òjò fi dá. Páànù ń gbọ̀n lórí wa, kò ṣí. Fìtílà tí Bàbá ní kó jù nù ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ àti àwọn àgbà méjì wá kí wa kú ewu. Wọ́n wo ojú ọ̀run láti pálọ̀ wa, wọ́n mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn, wọ́n rí òkúta. Bàbá Ìjọ ní ta ló gbọ́n tó báyìí. Yèyé wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbé omi fún wọn.

Bàbá wúkọ́. "A ti ṣe ìpalẹ̀mọ́ díẹ̀, sà."

Ó ní "a ti ṣe." Bàbá Ìjọ yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló kó òkúta yìí sókè, ọmọ mi?"

Mo wo ojú bàbá mi. Mo kó ọwọ́ tó bó sẹ́yìn, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara: "Bàbá mi ni, sà."

Wọ́n yìn ín. Bàbá fọwọ́ pa mí lórí. Yèyé kó ife, ó wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi àdín fìtílà pa àtẹ́lẹwọ́ mi. Bàbá mi ni mo máa ń bínú sí, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló parọ́.

Nígbà tí wọ́n kan òrùlé mìíràn, Bàbá fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí a kó òkúta sí i, ti iwájú ti ẹ̀yìn. Èmi náà ni mo gun àkàbà. Yèyé gbé òkúta àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Rọra tò ó o," ló wí. "Òkúta bàbá rẹ ni."