Ìlú Mi Nínú Ìparapọ̀

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìkọ̀lé máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, ló ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nígbà ìsinmi tó ń ta géèmù lórí fóònù bí ẹni ń ta ayò. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹlòmíràn ń wo bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ rí, ó sì ń tìtorí rẹ̀ bá ìyàwó rẹ̀ jà. Èmi ní ìlú kan tí mò ń ṣọ́. Ẹni tó bá ní ìlú náà kò sí, kó gbógun wá, kó wá wò ó bóyá ó wà.

Nínú géèmù yìí, ìtàn ayé gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọkọ̀ òyìnbó dé etíkun wa, wọ́n rí ohun tó lé wọn, wọ́n sì padà. Kò sí gómìnà tó wá fi rúlà fa ilẹ̀ wa sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ìlú ló ń ṣàkóso ara wọn títí di òní, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin wọn, ilé ìwé wọn àti ọmọ ogun wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọba kan dìde láti òkè odò, ó ń gbé ìlú mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ìlú tó ń dìbò yan olórí rẹ̀ má baà parun, ó lè da ara pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ gígùn kan ni géèmù náà sọ àjọṣe yẹn lédè òyìnbó. Àwa ń pè é ní Ìparapọ̀, nítorí ọmọ Èkìtì ni wá, kò sẹ́ni tí yóò túmọ̀ àgbájọ ọwọ́ fún wa.

Àwa márùn-ún la wà nínú Ìparapọ̀ wa, ọmọọmọ bàbá àgbà kan náà ni gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n ni àgbà pátápátá, wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ojú ọ̀nà ni wọ́n sì máa ń wà ṣáá. Ọ̀kan wà lókè òkun. Bọ̀dá wa kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìlú Iye. Ìkẹrin ni nọ́ọ̀sì wa tó wà ní Ìdó, oṣù díẹ̀ ló fi jù mí lọ. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Kálukú fi ìlú rẹ̀ sí ibi tó wù ú lórí àwòrán ilẹ̀. Èmi fi tèmi sí ibi tí Ìkọ̀lé wà gan-an, nọ́ọ̀sì fi tirẹ̀ sí Ìdó, Bọ̀dá fi tiwọn sí Iye.

Òfin Ìparapọ̀ kò le. Ọmọ ogun kò gbọdọ̀ gbéra àfi bí ìlú mẹ́ta nínú márùn-ún bá dìbò sí i. Ìlú ńlá àti ìlú kékeré, ìbò kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́jọ ni ìbò fi ń ṣí sílẹ̀, orúkọ ẹni tó bá kọ́kọ́ dì í ló máa wà lókè. Bí àkókò bá kọjá láìpé mẹ́ta, kálukú wà láàyè ara rẹ̀. Àwọn tó ń fi géèmù yìí ṣeré káàkiri ayé sábà máa ń sá fún Ìparapọ̀. Wọ́n ní ó lọ́ra jù, pé ilẹ̀ ọba ló dùn ún ta, níbi tí ẹnì kan ti ń pàṣẹ. Ìdí yẹn gan-an ni mo fi mú un. Mo ti ní ọ̀gá tó pọ̀ tó lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí òfin náà kò mọ̀ ni irú èèyàn tí a jẹ́.

Ní ọjọ́ tí ilẹ̀ ọba kọlu ìlú nọ́ọ̀sì, ìbò ṣí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Gbogbo wa ló rí i. A kóra jọ sí ojú ìwé ọ̀rọ̀ wa, a kíra. "Ẹ kú àárọ̀ o." "A dúpẹ́, ṣé àlàáfíà ni?" Bọ̀dá kọ ọ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu Ẹ̀gbọ́n ná." Tòkè òkun fèsì pé bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ. Èmi náà kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì, tí ìlú rẹ̀ ń jóná, kọ ọ́ pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Wọ́n wà lójú ọ̀nà Ọ̀tùn, wọ́n ń wọn ilẹ̀ lọ sí ìhà Kúwárà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti sí. Odindi wákàtí mẹ́jọ la fi dúró. Kò sẹ́ni tó di ìbò kankan. Kì í ṣe pé a kò mọ ohun tó yẹ. Ọmọlúàbí kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà wà, a sì gbàgbé pé àgbà kò sí níbẹ̀.

Ìlú náà ṣubú ní aago márùn-ún. Oṣù mẹ́jọ ni nọ́ọ̀sì fi kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ́ ilé ìwòsàn mẹ́fà síbẹ̀, nítorí ó mọ bó ṣe ń rí kí aláìsàn mẹ́ta pín bẹ́ẹ̀dì kan. Ó pè mí, kò sì bínú. Ó kàn sunkún. Ó ní, "Bí ẹnì kan péré bá ti kọ́kọ́ dìbò, ẹ̀yin yòókù ì bá tẹ̀lé e." Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì mo dúró níwájú pátákó, mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìbò ni ohùn ará ìlú, ojú tì mí débi pé mo pa á rẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán. Mo búra fún ara mi lọ́jọ́ náà pé mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun rere kan wà nínú òfin Ìparapọ̀: ẹni tí ìlú rẹ̀ bá ṣubú kì í pàdánù ìbò rẹ̀, bó bá ṣáà ti fẹ́ dúró. Nọ́ọ̀sì dúró.

Kò ju oṣù kan lọ tó fi kàn mí. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ọba pàgọ́ sí ìhà Òkè-Àkò, níbi tí mo ti máa ń ra iṣu ní ojúlówó ayé. Kí wọ́n tó kọlù mí, ẹni tó ń darí ilẹ̀ ọba náà, tí a kò mọ̀ rí, ránṣẹ́ sí Ìparapọ̀. Ó ní kí a yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ ìlú mi, òun kò sì ní fọwọ́ kan àwọn yòókù mọ́. Ẹ̀gbọ́n gbà pé ọgbọ́n ni. Wọ́n pe ìbò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí wọ́n ń bọ̀ nílé láti wo òrùlé ilé bàbá àgbà wa: ṣé kí a yọwọ́, àbí kí a má yọ ọ́? Ìbò náà kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí mo fi dì í. Má yọ ọ́. Orúkọ mi wà lókè pátápátá.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fi dé, èmi, Bọ̀dá àti nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀. Ìyá wa àgbà, àbúrò àwọn bàbá wa, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n bí mo ti máa ń ṣe. Wọn kò ní kí n dìde.

"Mo rí orúkọ rẹ lókè lórí ùbò láàárọ̀," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ùwọ tí mo gbé sẹ́jìká lọ sí ulé ìwé. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i. Yọ ùbò yẹn. Jẹ́ kí n di tèmi ná, kó o wá tẹ̀lé e."

Géèmù náà gbà kéèyàn yọ ìbò kí àkókò tó pé, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ra ìwé ìdánwò àṣejáde fún mi nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn. Mi ò gbàgbé oore, ṣùgbọ́n mo rántí ẹkún nọ́ọ̀sì náà.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "orúnkún mi wà nílẹ̀ fún yín, ibẹ̀ náà ló máa wà títí ẹ ó fi ní kí n dìde. Ìbò mi kò sí lára rẹ̀. Mi ò ní yọ ọ́."

Ìyá wa àgbà gbójú sókè nínú ẹ̀wà. "Kí lẹ ń jà lé lórí?"

"Ùlú kan ni, Ìyá," Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

"Ùlú wo?"

"Ùlú inú fóònù ni. Ùlú tí kò sí."

"Bí kò bá sí," ni Ìyá wa àgbà sọ, "kí ló dé tó o fi fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn. Nọ́ọ̀sì fi ìborí bo ẹnu, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín.

Ẹ̀gbọ́n yọ fóònù, wọ́n dìbò lójú gbogbo wa: kí a yọwọ́. Kò pẹ́ tí tòkè òkun fi tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì di tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó wá ku Bọ̀dá. Wọ́n mú fóònù dání bí ẹni mú ẹyin, wọ́n wo Ẹ̀gbọ́n, wọn kò wò mí. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n fi fóònù náà sápò, wọ́n ní àwọn ń lọ wo òrùlé.

"Mo rí i, Bọ̀dá," mo ní.

Ìbò mẹ́ta sí méjì. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Mo dìde láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n dìde, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo bu omi sójú. Ṣùgbọ́n nínú ìrora náà, mo ṣàkíyèsí ohun kan: a ti dìbò. Ìbò máràárùn-ún ló pé, méjì nínú rẹ̀ kò sì gba ibi tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́. Kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdílé wa, ì báà jẹ́ lórí géèmù, ì báà jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé.

Òfin ní kí Ìparapọ̀ yọwọ́, ó yọ ọ́. Òfin kò ní kí n ṣílẹ̀kùn. Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú yóò ṣe ọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo wó afárá mi fúnra mi. Mo kó àwọn àgbẹ̀ wọ inú odi, mo sọ ilé ìtẹ̀wé di ibi tí a ti ń rọ ọta ìbọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi dá ilẹ̀ ọba náà dúró. Mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, mò ń jà. Mò ń ro ọkà, mò ń jà. Lọ́jọ́ keje Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n túúbá, kó má baà di ìtìjú. Mo fèsì pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọn ò tíì dé àgbàlá mi." Lọ́jọ́ kẹsàn-án wọ́n dé àgbàlá mi.

Ìlú náà di dúdú lójú fóònù. Ìbéèrè kan jáde: ṣé màá kúrò nínú Ìparapọ̀, àbí màá dúró? Nọ́ọ̀sì ní tóun bá jẹ́ èmi, òun yóò kúrò, kí wọ́n mọ̀ ọ́n lára. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tí yóò rí mi lé kúrò nínú ohun tí mo ní ìbò nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pé màá dúró.

Ilẹ̀ ọba kì í jẹ kó yó. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kọjú sí Iye. Ìbò ṣí ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Túsìdé kan, nígbà tí mo ń jáde ní kíláàsì. Fóònù mi dún, Bọ̀dá ni.

"Àbúrò, ilẹ̀ ọba ti dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń pe Ẹ̀gbọ́n, wọn ò gbé e. Ará ibi iṣẹ́ wọn kan sọ pé wọ́n wà nípàdé."

"Mo ti dìbò kí ẹ tó pè, Bọ̀dá."

"Ùbò kí ni?"

"Kí ọmọ ogun gbéra."

"Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe fún ẹ?"

Inú mi kò yọ́ sí wọn, kí n sọ tòótọ́. Mo ṣì ń bínú, mo sì ń bínú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìbínú jẹ́ kí Iye ṣubú, kí ni mo wá ń bá ilẹ̀ ọba jà fún? "Ẹ di tiyín," mo ní. "Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni."

Lẹ́yìn náà ni orúkọ Bọ̀dá yọ lábẹ́ tèmi. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó di tirẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ìbò mẹ́ta pé kí aago méjìlá tó lù. Ọmọ ogun Ìparapọ̀ gbéra, títí kan ti Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì lé ilẹ̀ ọba padà sẹ́yìn odò.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù tí Ẹ̀gbọ́n fi pè mí. Mò ń ti fèrèsé kíláàsì lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè rí mi.

"Ọmọ ogun mi ti lọ ti bọ̀ kí n tó jáde ní ìpàdé," wọ́n ní. "Ẹ ò dúró dè mí."

"A ò dúró, sà."

"Ta ló kọ́kọ́ dìbò?"

"Èmi ni, sà."