Orin Ìyá Mi Nídìí Ẹ̀rọ Omi

N kò lè gbàgbé àárọ̀ Sátidé tí omi ẹ̀rọ padà dé sí àdúgbò wa ní Bàrígà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìjọba sójà ló wà lóde nígbà náà, gbogbo nǹkan sì wọ́n gógó. A tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú korobá, sójà kan sì ń ṣọ́ wa, kòbókò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí omi ṣe kán sínú korobá ìyá mi, ó gbé orin ọpẹ́ sókè. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ẹ̀wà kàn tètè jinná ni. Ojú tì mí. Sójà náà rìn wá bá wa.

Ó ní, "Màámi, kí ló dùn mọ́ yín nínú tó báyìí?"

Ìyá mi dáhùn pé, "Omi ni, ọmọ mi. Ọlọ́run ló fún wa."

Ó wo omi náà títí, ó wá yíjú sí àwọn tó kù. "Gbogbo yín, ẹ gbè é."

A gbè é. Àlàájà tó wà lẹ́yìn wa náà gbè é. Sójà ní ohùn wa kò dọ́gba, ó ní ká tún un bẹ̀rẹ̀. Ó fi kòbókò há abíyá kó lè ráyè pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo gbé omi délé, mo rí i pé èmi náà ṣì ń kọ ọ́.