Àmì Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Tó Wà Lára Fáànù Kọ̀ǹpútà Mi

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo mọ aago náà torí pé mo ń ka ìṣẹ́jú tó kù kí akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń bá tẹ ìwé àṣekágbá rẹ̀ tó pè mí. Fáànù inú rẹ̀ kọ́kọ́ kùn díẹ̀, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, síbẹ̀ kò dákẹ́.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tí mo sọ sínú ara mi ni pé, "Bàbá yìí ti pààrọ̀ ẹ̀."

Bàbá tí mò ń sọ ni ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìlọrà. Rédíò ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é ní Onírédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù àti kọ̀ǹpútà ló ń kún orí tábìlì rẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà mi kọ̀, kò tàn mọ́, mo sì gbé e lọ bá a láti Fìdítì. Ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ń tàn nígbà tí mo lọ gbà á, ṣùgbọ́n mo rántí pé bí mo ṣe wọlé ló fi aṣọ bo nǹkan kan lórí tábìlì. Ó lè jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mi ò rò ó sí oúnjẹ rárá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára mi, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti parí àgùnbánirọ̀. Mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ síbi tó pọ̀, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Kọ̀ǹpútà yìí, tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi nígbà tó ra tuntun, ni ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí n lè sọ pé mò ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá bi mí. Bí ó bá kú pẹ́nrẹ́n, mo di ọmọ tó kàwé tán tó wá jókòó sílé. Ẹ̀rù yẹn kì í kúrò lára mi, kódà tí mo bá ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ń jẹ́ kí n máa wo ọwọ́ gbogbo ènìyàn.

Torí ẹ̀rù náà ni mo ṣe fi àmì sára ẹ̀rọ náà kí n tó gbé e lọ sí Ìlọrà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é: kí o tó gbé nǹkan fún ẹni tó máa tún un ṣe, wàá ti fi àmì sí inú rẹ̀ níkọ̀kọ̀, kí wọ́n má baà fi ògbólógbòó rọ́pò èyí tó dáa. Àwọn kan máa ń fi bírò kọ orúkọ wọn sára bátìrì. Èmi kán kútẹ́ẹ̀sì pupa, ẹ̀kán kan péré, sí àárín fáànù dúdú náà.

Torí ẹ̀rù kan náà ni mo ṣe gbé ẹ̀rọ náà kúrò ní pálọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbà á padà. Pálọ̀ wa kọjú sí títì, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ sì máa ń yọjú wolé lójú fèrèsé. Mo gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí ìyá mi ń kó èlùbọ́ tó ń tà sí, mo ti tábìlì mi sáàárín àwọn àpò. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ta lò ń sá fún?"

"Mi ò sá fún ẹnikẹ́ni, Màámi. Ibi tó dákẹ́ ni mò ń wá."

"Ibi tí mo ti ń jọ èlùbọ́ lo wá rí bí ibi tó dákẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀, mo pa gbogbo ohun tó ṣí lórí ẹ̀rọ náà. Mo wá fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò inú ẹ̀rọ, títí, mi ò rí i. Mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbóná. Mo wá ń ṣàkíyèsí ìgbà tó máa ń hó, mo sì rí i pé ó máa ń burú jù láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Ìyẹn kó mi láyà sókè. Mo ní bóyá Onírédíò ti fi nǹkan sínú rẹ̀ tó fi ń wo ohun tí mò ń tẹ̀ láti Ìlọrà, pé àwọn àárọ̀ yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà mi padà. Tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, mo máa ń kọ́kọ́ fi ìborùn bo ojú ẹ̀rọ náà. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Mo ṣe é síbẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ Sátidé kan, mo tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Fáànù tí mo rí kì í ṣe dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó dà bí ohun tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Mo wá àmì mi láàárín rẹ̀, mi ò rí i. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú mi tún dùn díẹ̀, torí pé ohun tí mo fura sí ti wá rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ẹ̀rọ náà pa láìfọwọ́ kan fáànù, kí ẹ̀rí mi má baà bàjẹ́. Mo gbé fóònù, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù àwa tí a kàwé jáde ní agbègbè wa pé kí wọ́n ṣọ́ra fún Onírédíò Ìlọrà, pé ó ń jí ohun inú ẹ̀rọ oníbàárà.

"Ṣé o ti bi í?" ni ìyá mi wí nígbà tí mo sọ fún un.

"Kí ni mo fẹ́ bi í, Màámi? Olè wo ló máa ń jẹ́wọ́?"

Ó ń jọ èlùbọ́ rẹ̀ lọ, eruku rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Mo sín, mo jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ẹ̀rọ náà sórí itan nínú ọkọ̀ lọ sí Ìlọrà, mo ń ṣe àtúnsọ ohun tí mo máa sọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dá. Orí tábìlì rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe máa ń wà lọ.

"Ọ̀mọ̀wé, káàbọ̀," ó wí. Bó ṣe máa ń pe gbogbo wa tí a kàwé nìyẹn. "Ó tún kọ̀?"

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kò kọ̀. Ó ń hó."

Ó tàn án, ó dẹ etí sí i bí ẹni tó ń wá ìkànnì lórí rédíò. Ó pa á, ó tú u. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fi kan ahọ́n.

"Kí ni màmá rẹ ń tà?"

Mo ronú lórí ìdí tó fi ń bèèrè ọ̀rọ̀ ìyá mi. "Èlùbọ́," mo wí.

"Mo ti rí i. Bomi gbígbóná wá, ká rò ó. Ọbẹ̀ nìkan ló kù."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí fáànù bá wà ló ti ń fa afẹ́fẹ́, pé ó ti ń fa èlùbọ́ sínú láti ìgbà tí mo ti gbé e dé àárín àpò. Èlùbọ́ náà di ojú ihò tí ooru ń gbà jáde. Bí ẹ̀rọ bá ti gbóná, fáànù á sáré sí i, á tún fa èlùbọ́ sí i. Mo wá rántí pé àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni ìyá mi máa ń jọ èyí tó máa tà. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọn ọ́n, lẹ́yìn náà ó fi àkísà nu àárín rẹ̀. Dúdú fáànù yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kán pupa kan yọ.

Ó wò ó, ó wò mí.

"Èyí ò bá a wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Nígbà mìíràn, fi sí ibi tí ìwọ náà máa rí i."

Ó tún un tò, ó tàn án, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Bí mo ṣe ń múra àtilọ, ó ní òun ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé láti ìparí ọ̀sẹ̀, ẹni méjì ló ti wá kó ẹ̀rọ wọn kúrò lọ́wọ́ òun láìjẹ́ kí òun parí rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo tábìlì rẹ̀ tó ṣófo. Mo dúpẹ́, mo gbé ẹ̀rọ mi, mo sì jáde láìjẹ́wọ́ ohun tí mo kọ nípa rẹ̀.

Kí n tó dé Fìdítì, mo ti pa ohun tí mo kọ rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mìíràn tí èmi ò sí níbẹ̀. Mo kọ òmíràn sí tiwa pé mo ṣàṣìṣe. Ẹni mẹ́ta péré ló fèsì; ọ̀kan nínú wọn ní ó jọ pé bàbá náà ti halẹ̀ mọ́ mi. Kọ̀ǹpútà mi ti padà sí pálọ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, èmi ni mi ò sinmi. Ìyá mi ní kí n lọ kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé ó ti mọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣé torí náà ló ṣe sọ ti ẹni méjì yẹn létí mi. Bí kò bá mọ̀, ẹnu mi ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ àwọn tó gba irọ́ mi gbọ́? Kí sì ni kí n sọ fún un tí kò ní dà bíi pé mo tún ń wo ọwọ́ rẹ̀?